Kí ló pa ẹgbẹ́ GIA ní Àlgéríà? Ológun ni, àbí ọwọ́ ara wọn?

Láńre Ìbàdàn (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ogun abẹ́lé Àlgéríà ni mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀, èyí tó jà láti 1992 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. GIA, ìyẹn Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Agbébọn, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò mélòó kan tí ìbọn ọdẹ wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di 1994, ẹ̀rù wọn ti ba gbogbo ayé, àwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn kúrò ní Algiers, àwọn kan sì ń sọ pé ìjọba kò ní í pẹ́ ṣubú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ará abúlé tó ń fún wọn ní oúnjẹ tẹ́lẹ̀ ló ń fi ìbọn lé wọn.

Ṣé ológun ló ṣẹ́gun wọn ni, àbí ara wọn ni wọ́n jẹ? Ìkejì: wọ́n ní ìbò tí wọ́n fagi lé ló bẹ̀rẹ̀ ogun náà. Wọ́n fagi lé June 12 níbí náà ní 1993. Kí ló dé tí tiwa kò fi di ogun?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ n to ọjọ́ náà ná, torí tí a kò bá tò ó, ìfagilé ìbò nìkan la máa rí.

Oṣù Kẹwàá 1988, àwọn ọ̀dọ́ tú síta ní Algiers nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ àti àìríṣẹ́. Ṣọ́jà yìnbọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kú. Ààrẹ Chadli Bendjedid tún òfin ṣe ní 1989, ó fàyè gba ẹgbẹ́ òṣèlú. Abassi Madani, olùkọ́ yunifásítì, àti Ali Belhadj, ọ̀dọ́ àlùfáà tí wáàsí rẹ̀ ń fa èrò jọ, dá FIS sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Ìgbàlà Ìsìláàmù. Wọ́n gba ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1990. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n da ìyanṣẹ́lódì sílẹ̀, wọ́n sì kó àwọn olórí méjèèjì sí àtìmọ́lé.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1991, FIS mú àga 188 nínú 231 tí ìpele àkọ́kọ́ yanjú. Gbogbo àga ilé aṣòfin jẹ́ 430. Ẹ kíyè sí ibí yìí dáadáa: ìbò tí wọ́n rí kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta lé díẹ̀ lọ, nínú mílíọ̀nù 13 tó forúkọ sílẹ̀, ó sì fi nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dín sí èyí tí wọ́n rí ní 1990. Ìlànà ìdìbò ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló sọ ìbò yẹn di òkìtì àga. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1992 àwọn ọ̀gágun ní kí Chadli máa lọ, ọjọ́ kejì wọ́n fagi lé ìpele tó kù. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ FIS lọ sí àgọ́ ẹ̀wọ̀n nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ náà wà ní Reggane, ibi tí Faransé ti dán bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní 1960. Ọ̀pọ̀ tó wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóṣèlú jáde gẹ́gẹ́ bí jagunjagun.

Ní ti June 12: ìbọn ti ń dún ní Àlgéríà kí ẹnikẹ́ni tó fagi lé ìbò. Mustafa Bouyali, tó ti bá Faransé jagun òmìnira, gbé ìbọn sí ìjọba láti 1982, ó sì ń fara pa mọ́ sórí òkè tó yí Algiers ká títí wọ́n fi pa á ní 1987. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ bí Abdelkader Chebouti àti Mansouri Meliani ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n jáde, wọ́n tún padà sídìí iṣẹ́ náà. Àwọn tó lọ jagun Afghanístàn náà ti ń dé. Ní oṣù Kọkànlá 1991, nígbà tí ìbò ku oṣù kan, irú wọn kọlu ẹ̀ṣọ́ ibodè ní Guemmar, lẹ́bàá Tùnísíà, wọ́n pa ṣọ́jà níbẹ̀. Nàìjíríà 1993 kò ní irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tó ti ń dúró dè é lórí òkè. NADECO, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ epo ní 1994, kóòtù àti ìgboro ni àwọn tó ń jà fún Abíọ́lá gbé e gbà.

Bàbá Sàfì

Àlàyé yẹn péye. Ẹ jẹ́ n gba ibi tí GIA fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ká mọ̀ ni pé GIA kì í ṣe apá ológun FIS. Àwọn tó dá a sílẹ̀ kórìíra ìbò látilẹ̀. Lójú wọn, ẹni tó bá wọ ètò ìdìbò ti ṣẹ́bọ. Nígbà tí wọ́n mú Meliani ní 1992, Abdelhak Layada gba ipò amíìr, ìyẹn olórí. Iṣẹ́ páńẹ́lì mọ́tò ló ń ṣe ní Baraki, ní gúúsù Algiers. Wọ́n mú un ní Mòrókò ní 1993. Mourad Si Ahmed, tí wọ́n ń pè ní Djafar al-Afghani, bọ́ sí i: wọ́n pa á ní oṣù Kejì 1994. Cherif Gousmi bọ́ sí i: wọ́n pa á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Djamel Zitouni, ọmọ ẹni tó ń ta adìyẹ, bọ́ sí i. Ẹ wo bí ipò náà ṣe ń yára ṣófo. Kò sí amíìr kan tó pẹ́ tó láti kọ́ ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ilé, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé e máa ń le ju ẹni tó ṣáájú lọ, torí ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun náà kì í ṣe ọ̀lẹ.

Bí wọ́n ṣe tò: ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó tóbi ni wọ́n ń pè ní katiba, èyí tó kéré ni seria. Amíìr àdúgbò ló ni àdúgbò rẹ̀. Ó ń gba owó, ó ń dájọ́, ó ń pa, kó tó ránṣẹ́ sókè, tó bá tilẹ̀ ránṣẹ́ rárá. Ohun tó mú wọn tàn kálẹ̀ kíákíá nìyẹn, torí ẹni tó bá ní ọmọkùnrin mẹ́wàá àti ìbọn mẹ́ta lè sọ pé GIA lòun. Ohun tó bà wọ́n jẹ́ lẹ́yìn náà nìyẹn náà, torí kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n dáwọ́ dúró kí gbogbo wọn gbọ́.

Ìbọn wọn àkọ́kọ́ ni ìbọn ọdẹ tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kúrú, mahchoucha ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọ́n ń yìn ín fún ọlọ́pàá láti ẹ̀yìn, wọ́n á mú ìbọn ọlọ́pàá náà lọ. Èèyàn ló kù tí wọ́n ń wá. Ní oṣù Kẹta 1994, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́wọ̀n sá jáde ní ẹ̀wọ̀n Tazoult ní òru ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba orí òkè lọ.

Ìyá Ràdíá

Bàbá Sàfì, ẹ ṣé. Ẹ má jẹ́ ká fi àwọn ará àdúgbò sílẹ̀ o, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ìdáhùn Láńre wà.

Ní 1993 sí 1994, GIA ló ń pàṣẹ ní Baraki, Eucalyptus, Larbaa, Blida àti gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Mitidja, ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà lẹ́yìn Algiers. FIS ló mú àwọn ìlú wọ̀nyí nínú ìbò, ọ̀pọ̀ sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Olówó ìsọ̀ ń fún wọn lówó tinútinú, ó ń pè é ní sàkáà. Àwọn ìyá ń se oúnjẹ, torí ọmọ àdúgbò ni wọ́n, orúkọ wọn kò ṣàjèjì.

Lẹ́yìn náà ni èèwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Má ra ìwé ìròyìn. Má mu sìgá, má tà á. Sọ àwo sátẹ́láìtì kalẹ̀ lórí òrùlé. Obìnrin tí kò bo orí, ikú ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 1994 wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ di títì, wọ́n sì sun ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn. Wọ́n pa oníròyìn àti olùkọ́: Tahar Djaout, òǹkọ̀wé, wọ́n yìnbọn fún un ní oṣù Karùn-ún 1993. Cheb Hasni, olórin raï tí gbogbo ọ̀dọ́ ń kọrin rẹ̀, wọ́n pa á ní àdúgbò rẹ̀ ní Oran ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1994. Sàkáà tí wọ́n ń mú wá tẹ́lẹ̀ di owó tí wọ́n ń wá gbà. Ẹni tó ní lọ́rì méjì á san ti méjì. Tó bá ní kò sí, wọ́n á mú lọ́rì kan lọ, tàbí ọmọ rẹ̀.

Ojú ọ̀nà wá ńkọ́? Wọ́n ń wọ aṣọ ṣọ́jà tàbí ti ọlọ́pàá, wọ́n á gbé irin dí títì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì á dúró, torí ẹni tí kò bá dúró fún ṣọ́jà gidi náà, ìbọn ló máa gbọ́. Wọ́n á ní kí wọ́n mú káàdì ìdánimọ̀ jáde. Ọmọkùnrin tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun tó jẹ́ dandan, tàbí tí ìwé ìpè rẹ̀ wà lápò, wọ́n á mú un sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó kù lè máa lọ. Irú ìrìn àjò báyìí ló kọ́ àwọn òbí láti máa wá ìwé ológun nínú àpò ọmọ wọn kó tó jáde nílé. Ìjọba náà ń pè é, GIA ń pa á nítorí ìpè náà.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀ràn àwọn àjèjì kún un, torí ó wà lára ohun tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lóde.

Ní òpin oṣù Kẹwàá 1993 wọ́n jí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú Faransé mẹ́ta gbé ní Algiers. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n fi ìwé rán wọn: kí gbogbo àjèjì kúrò láàárín oṣù kan. Ní oṣù Kejìlá wọ́n pa òṣìṣẹ́ 12 ará Kroatíà àti Bosnia ní Tamesguida, wọ́n kọ́kọ́ ya àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pa àwọn tó kù. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1994, ọmọkùnrin mẹ́rin gba ọkọ̀ òfuurufú Air France ní pápákọ̀ Algiers. Wọ́n pa èrò mẹ́ta. Ọkọ̀ náà gbéra lọ sí Marseille, níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ Faransé ti ya wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 26, tí wọ́n sì pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní oṣù Keje 1995, bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ ojú irin ní Saint-Michel ní Paris, èèyàn mẹ́jọ kú.

Zitouni rò pé ìyẹn máa mú Faransé kọ ìjọba Àlgéríà sílẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá Yúróòpù tí kò bìkítà tẹ́lẹ̀ sí àwọn tó ń kó owó àti ìbọn ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Ní oṣù Kìíní 1995, FIS, FLN, ẹgbẹ́ tó ti ṣàkóso látìgbà òmìnira, àti FFS, ẹgbẹ́ alátakò, ti jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Róòmù pé kí ìjíròrò bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kọ̀ ọ́. Àmọ́ ta ni GIA ì bá rán lọ síbi ìjíròrò, nígbà tí wọ́n ti búra pé àwọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọn kì í dáwọ́ ogun dúró, wọn kì í sì í ṣe àdéhùn?

Akin Onímọ̀-Ajé

Ẹ̀yin ará, owó ni ẹ ò tíì mẹ́nu bà. Ní 1993, gbèsè òkèèrè ń gba nǹkan bí 80 nínú gbogbo 100 tí Àlgéríà ń pa lórí epo àti gáàsì. Ìjọba tí kò lówó kò lè san owó ṣọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ra ẹ̀rọ. Ní oṣù Kẹrin 1994 wọ́n bá àjọ IMF ṣàdéhùn, wọ́n já iye dínárì wálẹ̀ ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè sì sún ọjọ́ sísan síwájú. Ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là ló bọ́ sílẹ̀. Ọdún náà gan-an tí GIA rò pé àwọn ti fẹ́ wọ Algiers ni ìjọba rí owó padà.

Kànga epo ńkọ́? Hassi Messaoud jìnnà réré sí ibi tí ogun wà. Láti 1995, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò lè wọ agbègbè epo. GIA kò fìgbà kankan dá epo dúró. Òpó gáàsì tuntun tó gba Mòrókò lọ sí Spéènì ṣí ní 1996, láàárín ogun.

Owó yẹn ni wọ́n fi dá ẹ̀ṣọ́ ìbílẹ̀ sílẹ̀ láti 1994, tí wọ́n sì fi ìbọn fún àwọn fijilańté abúlé tí wọ́n ń pè ní Patriotes. Oríṣi méjèèjì papọ̀ ju 100,000 lọ nígbà tó yá. Ẹ̀ṣọ́ tó mọ ọ̀nà oko, tó mọ ọmọ ta ni ó wà lórí òkè, ló fọ́ GIA. AIS náà rí i pé kò sọ́nà mọ́, ó sì túká ní 1997.

Bàbá Sàfì

Akin, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ owó, ẹ ṣeun. Àtúnṣe kan: AIS, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó jẹ́ ti FIS gan-an, tí Madani Mezrag jẹ́ olórí rẹ̀ lápá Jijel, dáwọ́ ogun dúró ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1997. Oṣù Kìíní 2000 ló tó túká.

Mi ò gbà pé owó ló fọ́ GIA. Owó mú kí ìjọba lè dúró. Ohun tó fọ́ GIA ṣẹlẹ̀ nínú GIA.

Ní oṣù Karùn-ún 1994, lábẹ́ Gousmi, ẹgbẹ́ náà dé góńgó rẹ̀. Mohammed Saïd àti Abderrazak Redjam, olórí FIS tí wọ́n kà sí ọ̀mọ̀wé, mú àwọn èèyàn wọn wọ inú GIA. Saïd Makhloufi, olórí ẹgbẹ́ agbébọn mìíràn, náà wọlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ náà ní ìbọn, ó ní ìwé, ó sì ní àwọn tí ìlú bọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀rù yẹn ni AIS fi yára jáde síta ní oṣù Keje, kí GIA má bàa gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Gousmi kú ní oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ rò pé èèyàn Mohammed Saïd ló máa jẹ amíìr. Zitouni àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ipò náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Látìgbà náà, Zitouni kò sùn dáadáa: gbogbo ẹni tó mọ̀wé jù ú lọ, ọ̀tẹ̀ ló rí lára rẹ̀. Ó ní àwọn ará FIS tó wọlé ń wéwèé láti gba ìjọba ẹgbẹ́ náà. Ní òpin 1995 wọ́n pa Mohammed Saïd àti Redjam. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ìlú rò pé ṣọ́jà ló pa wọ́n, nígbà tó yá ni wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ni.

Ẹ fojú inú wo ohun tíyẹn ṣe sí katiba kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogun tó wà ní Médéa, tó ti sun inú yìnyín lórí òkè fún ọdún mẹ́ta, gbọ́ pé àlùfáà tí òun tìtorí rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ni amíìr òun dúńbú. Ní Médéa, Ali Benhadjar kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ Larbaa náà yapa. Àwọn Mùsùlùmí agbébọn Líbíyà tó rán àwọn èèyàn wá ràn wọ́n lọ́wọ́ kò rí wọn mọ́, wọ́n sì bínú kúrò lẹ́yìn wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Abu Qatada àti Abu Musab al-Suri, tó ń kọ̀wé gbè wọ́n nínú ìwé ìròyìn wọn, Al-Ansar, kéde ní 1996 pé àwọn kò sí lẹ́yìn Zitouni mọ́. Ẹ gbọ́ ná: àwọn wọ̀nyí kì í ṣe aláàánú èèyàn, síbẹ̀ wọ́n sá.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje 1996, àwọn èèyàn Benhadjar dènà de Zitouni nítòsí Médéa, wọ́n sì pa á. Mùsùlùmí agbébọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pa á, ṣọ́jà kọ́.

Láńre Ìbàdàn

Bàbá Sàfì, ẹ ṣeun gan-an. Mo tún rí ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé ọmọ iṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ni Zitouni, pé ìjọba ló wà nídìí ìpakúpa àwọn ará abúlé ní 1997. Kí la lè gbà nínú rẹ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Àwọn ọ̀gá ológun Àlgéríà kan tó sá lọ sí Yúróòpù ló sọ ọ́, wọ́n ní àwọn èèyàn DRS, ìyẹn ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun, ti wọ inú GIA dé orí. Ọ̀ràn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé Kátólíìkì méje ti Tibhirine náà wà níbẹ̀. Wọ́n jí wọn gbé ní òru ọjọ́ 26 sí 27 oṣù Kẹta 1996, ìwé kan ní orúkọ GIA kéde ikú wọn ní oṣù Karùn-ún, orí wọn nìkan ni wọ́n rí. Ní 2009, ọ̀gágun Faransé kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Algiers sọ fún adájọ́ pé òun gbọ́ pé hẹlikópítà ológun Àlgéríà ló ṣèèṣì pa wọ́n. Kóòtù kò tíì fi ẹnikẹ́ni jófin.

Èrò tèmi ni pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ inú wọn, torí ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ rẹ̀ jẹ́ máa ń rọrùn láti wọ̀. Àmọ́ kò dìgbà tí ìjọba bá kọ́ Zitouni kó tó lè fura sí ọ̀mọ̀wé. Òfin tó ní ẹni tó bá kọ̀ láti tẹ̀ lé wa kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́ ti wà nínú ìwé wọn kí Zitouni tó dé.

Ìyá Ràdíá

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìpakúpa, kí a sọ ọ́ tààrà.

Antar Zouabri ló gba ipò lẹ́yìn Zitouni. Abẹ́ rẹ̀ ni takfír, ìyẹn kí Mùsùlùmí pe Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kèfèrí, ti kúrò lórí ṣọ́jà àti òǹkọ̀wé, tó wá bo gbogbo ìlú. Ẹni tó dìbò lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá 1995 nígbà tí Liamine Zeroual wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, kèfèrí. Ẹni tó gba ìbọn ìjọba láti dáàbò bo abúlé rẹ̀, kèfèrí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ AIS, kèfèrí. Ìyàwó àti ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà, bákan náà.

Òru ọjọ́ 28 sí 29 oṣù Kẹjọ 1997, Raïs. Òru ọjọ́ 22 sí 23 oṣù Kẹsàn-án, Bentalha, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 15 lọ sí àárín Algiers. Ní Bentalha, wọ́n gba ọgbà ọsàn wọlé nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá òru lù. Wọ́n gé iná. Wọ́n ń fi bọ́ǹbù fọ́ ilẹ̀kùn ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn ará àdúgbò sá jọ sínú ilé tó lágbára jù, wọ́n gun orí òrùlé, wọ́n ń ju bíríkì sílẹ̀, torí bíríkì nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Àáké àti ọ̀bẹ ni àwọn yẹn fi ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìjọba ní èèyàn 85 ló kú. Àwọn tó ka òkú ní ó ju 200 lọ.

Bárékè ṣọ́jà wà nítòsí. Àwọn tó yè é sọ pé ọkọ̀ ológun dé etí àdúgbò náà, kò sì wọlé. Ìjọba ní wọ́n ti ri bọ́ǹbù sí ojú ọ̀nà. Èmi kò rí ìdáhùn tó tó fún ìyá tó ń pariwo lórí òrùlé nínú ọ̀rọ̀ yẹn. GIA fúnra wọn fi ìwé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kan náà pé àwọn ló ṣe é, pé ó tọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó pa àti ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó dúró wò, méjèèjì ló yẹ kí wọ́n wádìí, wọn kò sì wádìí ọ̀kankan.

Láńre, ìdáhùn rẹ rèé: ọ̀pọ̀ àwọn tó kú ní Raïs àti Bentalha ti dìbò fún FIS. Wọ́n ti bọ́ àwọn ọmọ orí òkè. Nígbà tí wọn kò fẹ́ san owó mọ́, ni wọ́n bá di kèfèrí.

Akin Onímọ̀-Ajé

Ìyá Ràdíá, mo gbà. Mo ti gbé Patriotes karí owó jù. Ìbọn ìjọba wà nílẹ̀ láti 1994, àmọ́ ní Mitidja, ẹ̀yìn ìpakúpa 1997 ni ọ̀pọ̀ abúlé tó lọ bèèrè fún un.

Láńre Ìbàdàn

Ṣé òótọ́ ni pé láti ibẹ̀ ni ọ̀nà kan ti wá kan Boko Haram?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ọ̀nà wà, ó sì ṣe é tọpa. Hassan Hattab, amíìr kan lápá ìlà-oòrùn, kọ̀ láti pa ará abúlé. Ó yapa ní 1998, ó dá GSPC sílẹ̀, ó ní ṣọ́jà àti ọlọ́pàá nìkan lòun ń bá jà. Ọ̀pọ̀ jagunjagun GIA tó kù bá a lọ. GSPC wọ abẹ́ al-Qaeda ní 2006, ó yí orúkọ padà ní 2007, ó sì gba aṣálẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé Málì àti Nìjẹ̀r lábẹ́ Abdelmalek Droukdel. Nígbà tí wọ́n pa Muhammad Yusuf ní Maiduguri ní 2009, Droukdel kéde ní 2010 pé àwọn máa fi ìbọn àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ran àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó dá Ansaru sílẹ̀ ní 2012 nítorí pé Shekau ń pa Mùsùlùmí ti bá ẹgbẹ́ Droukdel gbé.

Ẹ wo bó ṣe tún ara rẹ̀ ṣe. Shekau sọ gbogbo ará Borno tí kò bá tẹ̀ lé e di kèfèrí. Àwọn ọ̀dọ́ Maiduguri gbé igi àti ọ̀bẹ ní 2013, wọ́n di Civilian JTF. Ní 2016 ISWAP yapa, ó ní òun kì í pa Mùsùlùmí lásán. Ní oṣù Karùn-ún 2021 ISWAP lé Shekau bá nínú igbó Sambisa, ó sì fi bọ́ǹbù pa ara rẹ̀. Ibi tí ìjọra náà ti tán ni pé ẹ̀ka tó yapa níbí, ISWAP, ṣì lágbára, torí ó ń gba owó orí lọ́wọ́ apẹja àti darandaran Adágún Chad lọ́nà tí wọ́n lè fara dà. GIA kò kọ́ ìyẹn láé.

Bàbá Sàfì

Kí n parí ti GIA: wọ́n pa Zouabri ní Boufarik, ìlú rẹ̀, ní oṣù Kejì 2002. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní ju ọmọ ogun mélòó kan lọ. Wọ́n mú Nourredine Boudiafi ní 2004, a kò sì gbúròó ẹgbẹ́ náà mọ́.

Ìyá Ràdíá

Ọ̀rọ̀ àforíjì ló kù. Òfin Ààrẹ Bouteflika ti 1999 ní kí ẹni tó bá sọ ìbọn kalẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2000 máa lọ sílé, yàtọ̀ sí ẹni tó bá pa èèyàn, tó fipá bá obìnrin lò pọ̀, tàbí tó ri bọ́ǹbù sí ibi tí èrò wà. Ìwé àdéhùn ìlàjà 2005 tún fẹ̀ ju ìyẹn lọ: Layada jáde lẹ́wọ̀n ní 2006. Òfin tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kejì 2006 ní kóòtù kò gbọ́dọ̀ gba ẹjọ́ kankan lórí ṣọ́jà àti ọlọ́pàá, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ tó ba orúkọ wọn jẹ́ nítorí ogun náà lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta sí márùn-ún.

Àwọn tí ọwọ́ ìjọba mú tí a kò rí mọ́, iye tí ìgbìmọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ gbà ni 6,146. Wọ́n ní kí ìdílé gba owó, kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé pé ọmọ wọn ti kú. Ọ̀pọ̀ ìyá kò gbà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, wọ́n ń dúró níwájú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Algiers, fọ́tò ọmọ wọn mọ́ àyà, ọlọ́pàá á wá tì wọ́n kúrò, wọ́n á tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.